Páàdì fọ́nrán ewéko àbí páàdì onírin: èwo ni kí ẹ rà fún ọ̀nà wa ní Kàbà?

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Kàbà sí Ọ̀bájànà mọ̀ pé búrékì kì í ṣe ohun àmúṣeré. Tírélà sìmẹ́ńtì ń bẹ níwájú, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Síbẹ̀, bí a bá dé ìsọ̀ súpéà pátì, "Èló ni?" ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ohun tí wọ́n fi ṣe páàdì búrékì ló yẹ kó ṣáájú.

Nínú páàdì, résìn ló ń lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìyẹ̀fun òkúta àti ti irin ló kún inú rẹ̀, fọ́nrán ló sì ń dì í mú kó má fọ́. Fọ́nrán yìí ló ya páàdì kan sọ́tọ̀ sí èkejì.

Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì

Fọ́nrán tí wọ́n ń wà jáde látinú òkúta nìyí. Ẹ má ra páàdì tó ní in, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Nígbà tí Herbert Frood bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrékì ní England ní 1897, òwú tí wọ́n rẹ sínú ọ̀dà ló lò. Ooru ọkọ̀ wá pọ̀ ju agbára òwú lọ, ni wọ́n bá bọ́ sórí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, tí iná kì í tètè ràn. Ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ máa ń há sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ti fòfin dè é láti 2005, Amẹ́ríkà náà ṣòfin tirẹ̀ ní 2024. Àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tó ń fẹnu fẹ́ eruku inú dírọ́ọ̀mù ló ń dùn mí jù. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi aṣọ tútù nù ún.

Ti ewéko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti onírin

Kò sí páàdì tó jẹ́ ewéko látòkèdélẹ̀, ẹ má gba irọ́ yẹn. Èyí tí ẹ ó rí lórí àtẹ ni wọ́n ń kọ NAO tàbí "Non-Asbestos Organic" (ìyẹn, èyí tí kò ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì) sí lára páálí. Wọ́n lè fi fọ́nrán igi tàbí ti ewéko sínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn fọ́nrán àtọwọ́dá. Àwọn olùwádìí ti dán kenaf, jute àti sisal wò, àwọn ewéko tí wọ́n ń fi fọ́nrán wọn ṣe okùn àti àpò. Ní Nàìjíríà níbí, èèpo ẹkùrọ́ tí wọ́n lọ̀ kúnná ti wọ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008. Tiwa ni, inú mi sì dùn sí i.

Páàdì NAO kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ díìsìkì, ìyẹn àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, tí páàdì ń fún mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró. Ti onírin, tí fọ́nrán irin pọ̀ nínú rẹ̀, máa ń ké, ó sì ń jẹ díìsìkì, àmọ́ ó máa ń pẹ́ jù ú lọ.

Ooru ni ìyàtọ̀ ńlá. Fọ́nrán ewéko bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní bíi 200°C, díìsìkì sì lè kọjá 300°C lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn. Bí résìn àti fọ́nrán bá ń jó, èéfín á wọ àárín páàdì àti díìsìkì: ẹ ó tẹ búrékì, á le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ọkọ̀ ò ní dúró. Irin ń gbé ooru kúrò. Fọ́nrán ewéko tún ń fa omi, ó ń wú, résìn kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi irú sódà líle tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò fọ̀ ọ́.

Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ páàdì

Lára ọ̀pọ̀ páàdì, lẹ́tà méjì máa ń wà pọ̀ létí. Ti àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń di díìsìkì mú kó tó gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ bó ṣe ń dì í mú tó bá ti gbóná gan-an. Bí nọ́ńbà lẹ́tà bá ṣe ga tó ni páàdì ṣe ń dì mú tó: E jẹ́ 0.25 sí 0.35, F jẹ́ 0.35 sí 0.45, G jẹ́ 0.45 sí 0.55. FF ò yí padà. FE ń rẹ̀ bó bá gbóná, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́tà yìí ò sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó o.

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kékeré lọ síbi iṣẹ́ àti ọjà láàárín ìgboro, NAO tó ní FF tó fún un. Ọkọ̀ tó ń kó iṣu láti oko Yàgbà, tàbí tí èrò ń kún inú rẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja, ti onírin ni kí ẹ rà, kí ariwo rẹ̀ máa dún. Ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pa pọ̀, irú kan náà. Kí ẹ tó ki eré mọ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó lè bá díìsìkì mọ́ra.