Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú áńpù Pioneer GM-D8701: ohun tó yẹ kí n ti wò kí n tó ra èyí àkọ́kọ́ fún wúfà ọkọ̀ mi

Bàbá mi ta gìtá bèésì fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú kan ní Ìkẹ́rẹ́, irú àwọn tí wọ́n máa ń pè sí òde ìsìnkú àti ìkómọ káàkiri Èkìtì. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin péré ló kù nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀. Mo gbé wọn fún ẹni tó bá mi dà wọ́n sórí flash, mo ki flash náà bọ rédíò Kòrólà mi, mo wa ọkọ̀ láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, mi ò sì gbọ́ bàbá mi. Mo gbọ́ gángan, mo gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ àwọn tó ń gbe orin. Gìtá bèésì kò sí níbẹ̀ rárá. Okùn tó nípọn jù lára gìtá bèésì olókùn mẹ́rin máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sípíkà kékeré tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò sì lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde. Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn bèésì jáde, nìyẹn, wúfà ló sì fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ áńpù, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn rédíò lágbára kó tó dé sípíkà.

Wúfà náà kò fún mi níṣòro. Oní-ínǹṣì 12 ni, RMS rẹ̀, ìyẹn agbára tó lè máa gbà lemọ́lemọ́, jẹ́ 500 wáàtì, kọ́ìlì méjì (wáyà wíwé tó ń mú ojú wúfà gbọ̀n) ló sì wà nínú rẹ̀, 4 ohm lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohm ni òṣùwọ̀n bí ó ṣe ń dènà iná tó. Káfíńtà kan ní Ìjígbò ló kan àpótí rẹ̀ fún mi, ó dí i pa, kò dá ihò sí i lára.

Áńpù àkọ́kọ́ ni mo ti ṣìnà. Ẹni tó tà á fún mi tọ́ka sí 3000W tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, ó ní, “Àǹtí, ìlọ́po mẹ́fà wúfà yín nìyí, ẹ ó gbádùn ara yín.” Owó rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí mo ń lò báyìí. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama, síbẹ̀ mi ò yí áńpù náà padà kí n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń dùn mí di òní, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

Fíúsì méjì ló wà níbẹ̀, 20 ampere lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 40. Iná ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ máa ń wà ní nǹkan bí 13.8 volt. 40 lọ́nà 13.8 jẹ́ 552. Ìyẹn ni pé 552 wáàtì ni ohun tí áńpù náà lè máa fà wọlé lemọ́lemọ́ kí fíúsì tó já. Class AB ni, irú áńpù bẹ́ẹ̀ kì í sì í sọ ju nǹkan bí ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tó bá fà di orin. Ooru ni ìyókù ń dà. Ọ̀ọ́dúnrún wáàtì tàbí díẹ̀ lé ni ó lè jáde. Nígbà tí mo wá ka ìwé kékeré inú páálí, mo bá a níbẹ̀ lóòótọ́: RMS 300 wáàtì, bí a bá so ẹnu méjèèjì tí ohùn ń gbà jáde lára rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, lórí 4 ohm. 3000 kò sí níbì kankan bí kò ṣe lára páálí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ìṣirò fíúsì yìí ní ìsọ̀ kí ẹ tó kó owó sílẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Áńpù tí fíúsì rẹ̀ kò ju 30 lọ kò lè fún yín ní 1000 wáàtì, ì báà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi kọ ọ́ sára rẹ̀.

Ohm ló wá parí ìjà. Kọ́ìlì méjì tó jẹ́ 4 ohm lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà méjì péré la lè gbà so méjèèjì pọ̀. Bí a bá so pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, 2 ohm ni áńpù á rí. Bí a bá so wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan, 8 ohm ni á rí. 4 ohm kò sí níbẹ̀ láéláé, bẹ́ẹ̀ 4 ohm sì ni áńpù mi ń fẹ́. Ọ̀gá ríwáyà tó bá mi so ó ní Ajílọ́sùn kọ́kọ́ fi í sí 2 ohm. Ó dún dáadáa fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, iná pupa tí wọ́n kọ “protect” sí lára tàn, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Ó tutù, ó tún dún, ó tún dákẹ́. Ọ̀gá wá yí i sí 8 ohm. Kò dákẹ́ mọ́, àmọ́ agbára tó ń jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì, ohùn náà sì rọ bí ìlù tí òjò pa. Ló bá yí gain dé òpin, ó yí bass boost, tó ń fi kún bèésì, náà dé òpin. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Mo ní, “Ọ̀gá, kì í ṣe ohun tí mo wá gbọ́ nìyí o.” Ó ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí n dá a padà sí 2 ohm, ẹ kàn má gbé e sókè jù.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ń lọ sí Ìkògòsì, oòrùn ọ̀sán mú ganrín. Mo ti kọjá Ìyìn, mi ò tíì dé Ìgèdè, nígbà tí òórùn kan bíi ti rọ́bà tó ń jóná gba inú ọkọ̀ kan. Mo dúró, mo ṣí búùtù, èéfín ń jáde lára áńpù. Ọpẹ́ ni pé kò ràn mọ́ nǹkan mìíràn. Mi ò dá ọ̀gá ríwáyà lẹ́bi tán. Nígbà tí a bá so ẹnu méjèèjì áńpù pọ̀ di ọ̀kan, ìdajì ohm náà ni ẹnu kọ̀ọ̀kan ń rí. 2 ohm tí a gbé lé e lórí ti di 1 ohm fún ẹnu kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ṣe é kò sì ṣe é fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń ru àpò sìmẹ́ǹtì méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni: á gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Wúfà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ dípò áńpù. Mo béèrè pé ohm wo ni wúfà mi lè fún áńpù, mo ní 2. Mo béèrè pé wáàtì mélòó ni wúfà mi lè gbà láti àárọ̀ di alẹ́, mo ní RMS 500. Mo wá ń wá áńpù ẹlẹ́nu kan tí wọ́n bá kọ sára rẹ̀ pé 500 wáàtì RMS lórí 2 ohm. Ohun tí mo ń wá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pioneer GM-D8701 bá a mu. Class D ni, irú tí kì í fi iná ṣòfò tó Class AB, ẹnu kan ló ní. Wọ́n kọ ọ́ pé 300 wáàtì lórí 4 ohm, 500 lórí 2 ohm, 800 lórí 1 ohm. Páálí tirẹ̀ náà ní nọ́mbà ńlá, 1600, mi ò sì ka ìyẹn sí. Ohun tó mú mi fọkàn tán an ni pé wọ́n to wáàtì pẹ̀lú ohm rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ tan ènìyàn jẹ kì í tò ó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tún rí CEA-2006 lára páálí áńpù èyíkéyìí, àmì rere ni: ìlànà tí wọ́n fi ń wọn agbára áńpù ni, lórí 14.4 volt àti 4 ohm, láìjẹ́ kí ìyapa ohùn ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹnì kan ní ìsọ̀ fẹ́ kí n ra èyí tó ń mú 1000 jáde. Mo ní rárá. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, decibel 3 péré ló ń fi kún ohùn, etí máa mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò ní dún ní ìlọ́po méjì. Bátìrì àti wáyà, ní tiwọn, máa ru ìlọ́po méjì ẹrù náà ní kíkún.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ń ṣòfò sí ní Adó níbí. Wọn kì í sábà fi wáyà iná sínú páálí áńpù, ẹ ó rà á lọ́tọ̀. 500 wáàtì lára Class D tó ń lo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná tó fà, á máa fa nǹkan bí 45 ampere nígbà tí ìlù bá le. Láti bátìrì dé búùtù Kòrólà, wáyà á gùn tó mítà márùn-ún. Mo ra 4 gauge (gauge ni òṣùwọ̀n bí wáyà ṣe nípọn tó). Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi pupa rekete, ó nípọn, ó dùn-ún wò. Mo ní kí wọ́n fún mi ní bíléèdì, mo fi há orí rẹ̀: funfun ló wà nínú. Alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ó ń gbé iná, kò sì gbé e tó bàbà gidi, tí ìwọ̀n kan náà bá ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ẹni tó ń tà á nínú, àmọ́ ó lọ sẹ́yìn ó gbé bàbà gidi jáde. Ẹ há a kí ẹ tó sanwó.

Fíúsì 60 ni mo fi sí ẹ̀bá bátìrì, kò jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ kan àbọ̀ lọ. Fíúsì yìí kì í ṣe ti áńpù o, wáyà ló ń dáàbò bò: bí wáyà bá bó níbì kan tó sì kan irin ọkọ̀, òun ló máa já kí ọkọ̀ má baà gbiná. Wáyà dúdú tó ń lọ sára irin ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ nípọn bíi ti pupa, kó kúrú, kí wọ́n sì fá ọ̀dà ojú irin náà kúrò kí wọ́n tó dè é mọ́ ọn. Lórí áńpù àkọ́kọ́, mítà tí mo fi ń wọn iná kà 11.8 volt lẹ́nu áńpù nígbà tí bèésì bá ń lù, lórí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so fún mi. Lórí wáyà tuntun yìí, kò wá sísàlẹ̀ ju 13.4 lọ.

Bí a ṣe ṣètò gain rèé, torí gain kì í ṣe fólúùmù. Ọ̀nà tí a fi ń bá ohùn tó ń ti inú rédíò bọ̀ dọ́gba ni. Ẹ yọ wúfà kúrò lẹ́nu áńpù. Ẹ gbé bass boost sí òdo. Ẹ fi ohùn gbọọrọ 50 Hz (tó ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) sí rédíò, ẹ gbé fólúùmù dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ fi mítà sí AC volt, ẹ fi kan ẹnu áńpù. Nọ́mbà tí ẹ ń wá ni èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, ẹ ó rí wáàtì lọ́nà ohm. Tèmi jẹ́ 500 lọ́nà 2, ìyẹn 1000. Volt tí mo sì ń wá jẹ́ 31.6. Ẹ rọra máa yí gain títí mítà á fi dé ibẹ̀, kí ẹ sì dúró. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, orí ìgbì ohùn á gé pẹrẹsẹ, kọ́ìlì wúfà ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Áńpù kékeré tí wọ́n fipá yí gain rẹ̀ dé òpin lè jó kọ́ìlì bí áńpù ńlá ti ń jó o. Ibi tí mo ní kó máa gé ohùn sí jẹ́ 80 Hz. Ohun tó bá ga ju ìyẹn lọ, kí sípíkà ilẹ̀kùn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọkọ̀ lọ sílé bàbá mi. Mo ní kó jókòó síwájú, mo fi kásẹ́ẹ̀tì kejì sí i. Kò sọ̀rọ̀ fún orin kan gbáko. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò lu orúnkún, ó ń lu ohun tí gìtá náà ń sọ gan-an, ó sì ní, “Mo ṣi ọwọ́ níbẹ̀ yẹn. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ láé.” Mo dá a padà. Ó ṣì í lóòótọ́.

Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́jọ ti kọjá. Mo ti gbé e lọ sí Ìkògòsì lẹ́ẹ̀mẹrin nínú oòrùn, iná “protect” kò tàn rí. Áńpù náà máa ń lọ́wọ́ọ́rọ́, ọwọ́ gbà á. Mo rí i pé ìmọ́lẹ̀ iwájú ọkọ̀ mi máa ń dín díẹ̀ lálẹ́ bí mo bá dúró sójú kan pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn, ẹrù alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, nìyẹn. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì tẹ́lẹ̀. Fóòmù pẹlẹbẹ ló pa á lẹ́nu mọ́. Ẹrù ọjà kì í wọ búùtù bíi tàtijọ́.

Ẹni tí wúfà rẹ̀ jẹ́ 250 wáàtì lórí 4 ohm kò nílò èyí, kékeré máa tó o, kó fi owó tó kù ra wáyà bàbà. Ẹni tí wúfà rẹ̀ sì jẹ́ 1000 kó wá òmíràn. Ẹni tí tirẹ̀ bá jọ tèmi, 2 ohm àti nǹkan bí 500, kó rà á. Ẹ̀rù kì í bà mí nígbà tí mo bá ń gbé fólúùmù sókè mọ́.

Mo ti fi ọ̀dà èékánná pupa sàmì sí ibi tí gain dúró sí. Ríwáyà tó bá ṣí búùtù mi fún iṣẹ́ mìíràn, àmì yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń fi hàn án.