Àgbéyẹ̀wò: Lẹ́ǹsì àti kálípà tí mo fi ń yẹ mẹ́dàlì ológun àtijọ́ wò

Ẹni tó bá ń kó mẹ́dàlì ológun àtijọ́ jọ mọ̀ pé ayédèrú kún ọjà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra àpò irinṣẹ́ yìí: lẹ́ǹsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, kálípà oníbátìrì (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó), òòfà kékeré kan, àti ọ̀rá tí wọ́n ní ká máa kó mẹ́dàlì sí. Kálípà yẹn nìkan tó owó tí mo san.

Ẹ jẹ́ ká mú British War Medal ti Ogun Àgbáyé Kìíní. Fàdákà ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà, ipò, orúkọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹni tó gbà á sí etí rẹ̀. Orúkọ yẹn lowó wà lára rẹ̀. Mílíọ̀nù mélòó kan ni wọ́n ṣe, torí náà ti ọmọ ogun lásán kò wọ́n. Àmọ́ bó bá jẹ́ ti ẹni tó kú lọ́jọ́ kìíní ogun Somme nílẹ̀ Faransé ní oṣù Keje 1916, ẹ óò rí bí owó ṣe máa fò sókè. Àwọn oníjìbìtì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi fáìlì ha orúkọ ti tẹ́lẹ̀ dànù, wọ́n á tẹ òmíràn lé e. Fàdákà tó bá ti bọ́ kì í padà ṣá. Bí kálípà bá ń sọ 36 níhìn-ín, tó wá ń sọ 35.6 lọ́hùn-ún, ẹ yáa dá a padà fún olówó rẹ̀. Ẹ máa yí i wọ̀n, torí fáìlì kì í jẹ ẹ́ dọ́gba. Ike ni ẹnu kálípà yìí, kò lè ha nǹkan lára. Èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀ jẹ́ irin, ọkàn mi kì í balẹ̀ rárá.

Lẹ́ǹsì náà dáa, àmọ́ iná rẹ̀ le jù, fàdákà á kàn máa kọ mànà. Mo máa ń pa á, kí n lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ ni ihò wínníwínní ti máa ń hàn lára èyí tí wọ́n yọ́ dà, torí títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ ojúlówó.

Òòfà wúlò fún Iron Cross, mẹ́dàlì oníàgbélébùú ti Jámánì, bíi ti 1914: irin dúdú láàárín, férémù fàdákà yí i ká. Ṣùgbọ́n ayédèrú náà lè ní irin nínú, ẹ má torí pé ó fà á kẹ́ ẹ sanwó. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́, níbi tí wọ́n ti jó férémù méjèèjì pọ̀.

Ní ti 1939–1945 Star tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kò sórúkọ lára rẹ̀, kálípà ò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Kò sì sí irinṣẹ́ tó lè sọ bóyá ẹni tí wọ́n kọ sétí mẹ́dàlì jagun lóòótọ́. Káàdì mẹ́dàlì ti Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó gba mẹ́dàlì sí, tó wà ní National Archives (ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì) ní Kew, ní London, ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bátìrì kálípà máa ń tán kódà bẹ́ ẹ bá pa á, ẹ máa yọ ọ́ síta. Ọ̀rá yẹn ńkọ́? PVC rírọ̀, irú ike kan, ni, òórùn rẹ̀ ti sọ fún mi kí n tó tú u. Bó bá pẹ́, irú rẹ̀ á fi ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bo idẹ àti fàdákà. Inú pàǹtí ni mo jù ú sí. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn, ọ̀rá yẹn ló gba ìkarùn-ún lọ́wọ́ wọn.