Kílárínẹ́ẹ̀tì mi àti bàbá tó tún un ṣe ní Oǹdó

Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo fi ń dá ríìdì lẹ́bi, ìyẹn pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ń gbọ̀n lẹ́nu kílárínẹ́ẹ̀tì kí ohùn tó jáde. Kílárínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn fèrè gígùn tí mo ń fọn nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Àkúrẹ́ ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ìyọnu. Bó bá jẹ́ ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ohùn á jáde geere. Ṣùgbọ́n kí n ṣáà ti gbé ìka ọwọ́ ọ̀tún sí i, kí n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, atẹ́gùn lásán ni mo máa gbọ́. Nígbà mìíràn á han gooro bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, láàárín orin ìdúpẹ́. Mo ra páálí ríìdì kan, mo tún ra òmíràn.

Ẹnìkan tó ń tún nǹkan orin ṣe nígboro níbí ni mo kọ́kọ́ gbé e fún. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ ní kí n fọn ún kóun gbọ́. Ó ní páàdì, ìyẹn tìmùtìmù kékeré tó ń dé ojú ihò, ló ti gbó, ó pààrọ̀ gbogbo wọn, ó gba ₦35,000 lọ́wọ́ mi. Mo délé, mo fọn ún, ewúrẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń fọn tùròm̀pẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ wa ló ní kí n gbé e lọ bá bàbá kan ní Oǹdó. Kò sí pátákó níwájú ilé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Mo kí i tán, ó ní, "Fọn ún." Mo fọn ún. Ó dijú, ó gbọ́, ó wá tú u sí méjì.

Ó mú apá òkè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi ìka bo àwọn ihò, ó wá fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bí ẹni ń fa mùdùnmúdùn egungun. Nígbà tó yọ ẹnu, ó dún "pọ́!" Kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nìyẹn. Ti apá ìsàlẹ̀ gba sùúrù díẹ̀, nítorí àwọn kíì kan (irin tí ìka ń tẹ̀) wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ṣíṣí ni wọ́n máa ń wà, àfi kéèyàn tẹ̀ wọ́n dé. Òun náà dún "pọ́!"

"Bàbá, kò sí nǹkan tó ṣe é nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, méjèèjì dára. Ìgbà tí wọ́n bá dé inú yàrá kan náà ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. O ti gbéyàwó?"

Níbi tí apá méjèèjì ti pàdé, irin kékeré kan láti òkè máa ń gun orí ìkejì láti ìsàlẹ̀. Tí ìka ọwọ́ ọ̀tún bá tẹ òrùka irin tó yí ihò ká, ti ìsàlẹ̀ á gbé ti òkè sókè, páàdì kan á dé lókè, òmíràn á dé nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Irin òkè tèmi ti tẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀. Páàdì òkè ń yára dé, ti ìsàlẹ̀ kò wá rí àyè balẹ̀ tán. Bàbá gé bébà sìgá tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi sábẹ́ ti òkè, ó ní kí n tẹ òrùka, ó fà á: ó há gádígádí. Ó fi sábẹ́ ti ìsàlẹ̀: bébà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ta ló ń bá ọ tò ó?"

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọmọ tí mo ń kọ́. Èmi ni n kò sọ fún un pé kó tẹ òrùka apá òkè mọ́lẹ̀ kó tó kì wọ́n bọ ara wọn, kí irin náà lè gbéra. Ó kàn ń lọ́ ọ bí ìdérí ìgò ni.

Bàbá fi awọ wé ẹnu púláyà. Ó tẹ irin díẹ̀, ó fi bébà dán an wò, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ha kọ́ọ̀kì, èèpo igi rírọ̀, tó nípọn jù tí ẹni àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ irin náà, ó fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Mo fọn ohùn tó kéré jù lọ nísàlẹ̀, ọmọ tó ń ta omi lójú títì yíjú wò wá. ₦8,000 ni mo san.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Kì í gbé fóònù. Kò ní ẹ̀yà tuntun nílẹ̀: sípíríǹgì kan tó ti rọ̀, abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló fi ṣe òmíràn sí i. Oṣù kejì rèé, kò tíì ṣẹ́, àmọ́ ìka mi mọ̀ pé ó le ju àwọn yòókù lọ. Ike ni tèmi. Tí tiyín bá jẹ́ onígi tí ọyẹ́ ti là, ẹ má wulẹ̀ wọ mọ́tò, ó ní òun kì í fọwọ́ kan èyí tó bá ti sán. Tí ẹ bá sì máa lọ, àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Tí oòrùn bá ti yí, á ní kí ẹ padà wá lọ́la, pé ojú òun kò ríran mọ́ dé ibi irin tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀.