Bọ́ọ̀dù tí wọ́n gé mọ́ mi lára

Oṣù mẹ́rin ni mo fi dúró de bọ́ọ̀dù tí mo fi ń gun ìgbì báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọkùnrin tó ṣe é dá fún mi. Mo gbé ìyẹn síwájú ná kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo gba rìbá, torí pé ìyìn ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù.

Agungbì ni òun náà: òwúrọ̀ nínú omi, ọ̀sán nínú ìsọ̀ tí eruku fóòmù, ohun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe inú bọ́ọ̀dù, ti bo gbogbo nǹkan bí ìyẹ̀fun. Àwòrán ni mo mú tọ̀ ọ́ lọ, ẹja ńlá kan tó ń fò, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kílò mélòó lẹ wọ̀n?" Mo ní 79. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó dákẹ́. Mo ní ó dáa, 91. Ó wá ní kí n gbé bọ́ọ̀dù mi àtijọ́ bọ́ sómi, kí òun wo bí mo ṣe ń fọwọ́ wa omi.

Ẹsẹ̀ bàtà 6 ni bọ́ọ̀dù yẹn, tín-ín-rín bí irú èyí tí àwọn ọ̀gá ń gùn. Ó máa ń rì lábẹ́ mi ni, ìgbì á sì ti kọjá kí n tó dìde. Èyí tuntun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ìǹṣì 2, títóbi rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ lítà 50. Ó dá ẹran sí i níbi tí àyà mi ń gbé lé e, ó wá fá etí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ sí ìdí kó lè rọrùn láti yí. Mo wò ó bó ṣe ń fá a. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni iná rẹ̀ wà, kì í ṣe òkè, kí òjìji lè tú àṣírí gbogbo gọngọ àti kòtò tí ọwọ́ ò bá rí. Mo bi í pé kí ló dé tí lẹbẹ ìdí rẹ̀ fi jẹ́ mẹ́ta. Ó ní láti ìgbà tí Simon Anderson, ọmọ Australia, ti gbé e jáde ní 1980, òun ò tíì rí ìdí láti yà kúrò níbẹ̀.

Ìgbì kẹta tí mo gbìyànjú ni mo dìde lé lórí. Ọdún méjì ni mo ti ń wá a.

Àwòrán náà rẹwà, kò sì lè bó, torí orí fóòmù ló ti kùn ún kó tó fi fáíbà, aṣọ onígíláàsì, àti résìnì, oje tó máa ń le koko, bò ó. Ṣùgbọ́n aró yẹn! Ó ti kìlọ̀ fún mi pé àwọ̀ dúdú ń fa oòrùn mọ́ra, pé fóòmù lè wú kí fáíbà sì ṣí kúrò lára rẹ̀. Èmi ni mo takú. Ní báyìí, bí mo bá gbé e kalẹ̀ sínú oòrùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìda tí mo fi pa á kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ á ti yọ́ dànù. Abẹ́ aṣọ ni mo ń tọ́jú ẹja mi sí.

Ihò kan bí ojú abẹ́rẹ́ wà létí òsì nígbà tí mo gbà á. Omi ì bá gba ibẹ̀ wọ inú fóòmù. Ó dí i lọ́fẹ̀ẹ́, kò bá mi jiyàn.

Àárín bọ́ọ̀dù ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó là á já láti imú dé ìdí. Orí ẹ̀ ló fi pẹ́ńsù kọ ìwọ̀n gbogbo sí: gígùn, fífẹ̀, nínípọn. Ó wá kọ "kílò 91" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́ résìnì ló wà, kò ṣeé pa rẹ́.