RV wa láti Florida dé Michigan nínú òjò dídì àti ìjì: ohun tó ṣe dáadáa àtohun tí kò ṣe dáadáa

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mò ń lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra RV, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé sí, tẹ́ ẹ máa fi sá fún òtútù lọ sí Florida lọ́dọọdún, ẹ má wo bó ṣe ń sáré, ẹ wo bó ṣe lè dúró. Gbogbo ẹni tó ń ta ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣí bónẹ́ẹ̀tì fún yín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ tó lè dúró síbì kan kí ooru wà nínú ẹ̀, kí omi ẹ̀ má dì, kí iná ẹ̀ má kú mọ́jú, òun ló máa gbé yín délé.

Tiwa jẹ́ Class C, ìyẹn èyí tí iwájú ẹ̀ dà bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n wá kọ́ ilé sẹ́yìn ẹ̀, tí bẹ́ẹ̀dì kan yọ sókè orí dírẹ́bà. Ford E-450 ló wà nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì V8 oní 7.3 lítà, jíà 6, táyà mẹ́rin lẹ́yìn. Pẹ̀lú ẹrù, omi àtèèyàn, kò gbọ́dọ̀ wúwo ju 14,500 pọ́ùn lọ. Ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30, ó ga ju 11 lọ. Iléeṣẹ́ míì ló kọ́ apá ilé, mi ò ní dárúkọ wọn. Michigan là ń gbé, èmi àtìyàwó mi ti fẹ̀yìn tì, tí ọdún tuntun bá ti kọjá a ti kọrí sí gúúsù nìyẹn, ìparí March la sì máa ń padà, ìgbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí Florida ti ń gbóná nígbà tí Kentucky àti Ohio ṣì lè da yìnyín lé èèyàn lórí láìròtẹ́lẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ní yíyìn. Ẹ́ńjìnnì yẹn lágbára gan-an. Láti Ocala, a gba Valdosta wọ Georgia, a gba máròsẹ̀ I-475 yí Macon ká, a gba I-285 yí Atlanta ká (ẹ má dá a láṣà pé ẹ fẹ́ gba àárín Atlanta kọjá pẹ̀lú ọkọ̀ báyìí, àgàgà nínú òjò), títí a fi dé Chattanooga, kò kọ́ rárá. Ó ń mu epo o, gálọ̀nù kan ò gbé wa ju máìlì 8 sí 9 lọ, tí atẹ́gùn bá kọjú sí wa á tún jábọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n táǹkì ẹ̀ ń gba gálọ̀nù 55, ìyẹn sì ṣe pàtàkì, torí tí jàǹbá bá dí máròsẹ̀ tẹ́ ẹ wà lójú kan fún wákàtí gbọọrọ, epo yẹn lẹ máa fi rí ooru níwájú. Jẹnẹrétọ̀ náà inú táǹkì kan náà ló ti ń mu, àmọ́ páìpù tiẹ̀ ò gùn dé ìdí táǹkì, tí epo bá ti ku bí ìdá kan nínú mẹ́rin á kú fúnra ẹ̀, kí ọkọ̀ lè rí èyí tó máa fi rìn. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ pàdánù, láàárín òru tẹ́ ẹ nílò ẹ̀ jù. Nílé wa, tá a bá ti kọjá Chattanooga, táǹkì ò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju ìdajì lọ.

Táyà lohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ń kà sí. Ẹ wò ó, atẹ́gùn inú táyà máa ń dín kù bí òtútù bá ṣe ń pọ̀ sí i, fún ìwọ̀n 10 Fahrenheit tó bá wálẹ̀ ó máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá 2 nínú 100. Tó o bá fún táyà ẹ̀yìn ní 80 psi (psi la fi ń wọn atẹ́gùn inú táyà) ní Florida nígbà tí ojú ọjọ́ wà ní 80 Fahrenheit, tó o wá jí ní Kentucky tó ti wálẹ̀ sí 20, bíi psi 10 ti lọ, kò sì síbi tó ti jò. Ọkọ̀ tó wúwo tó báyìí, lórí ilẹ̀ tó tutù, tí táyà ẹ̀ ò le tó, sítíárì ẹ̀ á máa fì nínú ọwọ́ ẹ bí ẹni pé kò fẹ́ gbọ́. Nítorí ẹ̀ la ṣe ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu táyà kọ̀ọ̀kan, tó ń fi psi hàn wá níwájú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo sì ní kọ́ńpírẹ́sọ̀ tèmi nínú àpótí ẹ̀gbẹ́, torí fọkanáísà ò sí lórí òkè. Ẹ tún yẹ ọjọ́ orí táyà wò. Nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì DOT tí wọ́n tẹ̀ sára táyà, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Táyà RV sábà máa ń gbó kó tó jẹ tán, ojú ẹ̀ á ṣì máa dán, inú ẹ̀ á ti gbẹ.

Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Chattanooga tẹ́ ẹ kọrí sí Knoxville, ẹ máa gba ibi tí I-75 ti ré odò Hiwassee kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Calhoun. Kùrukùru ibẹ̀ burú jáì. Ní December 11, 1990, ọkọ̀ 99 ló rọ́ lu ara wọn níbẹ̀ láàárọ̀, èèyàn 12 kú. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìjọba Tennessee wá gbé ẹ̀rọ tó ń wo kùrukùru síbẹ̀ pẹ̀lú pátákó oníná tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó dín eré kù. Mo sọ èyí torí àwọn kan máa ń rò pé pátákó yẹn kàn ń pariwo lásán. Tó bá ní kẹ́ ẹ rọra, ẹ rọra, ẹ tan iná iwájú, kẹ́ ẹ má tan èyí tó ga torí á máa tàn padà sójú yín.

Ibi tí mo ti rí ìwúlò ọkọ̀ yìí jù ni òkè Jellico, níbi tí Tennessee ti fẹ́ di Kentucky. Òjò ń rọ̀, òtútù ń sọ̀ kalẹ̀ bá a ṣe ń gòkè, mo sì ti ń rí i tí omi ara díńgí ẹ̀gbẹ́ ń di yìnyín. Irú òjò tó ń dì bó ṣe ń kan ilẹ̀ yẹn burú ju yìnyín funfun lọ, torí kò ṣeé rí, títì á kàn dà bíi pé ó tutù lásán. Afárá ló sì máa kọ́kọ́ dì torí atẹ́gùn òtútù ń gba òkè, ó ń gba ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ìyàwó mi ló sọ̀rọ̀: “Dádì, ẹ jẹ́ ká yà síbí jàre, òkè yẹn ò ní sá lọ.” Mo ní, “Mọ́mì, òótọ́ lẹ sọ.” A yà sí ibùdó àwọn tírélà kí òkè náà tó le, a gba àyè lọ́dọ̀ wọn, a sùn síbẹ̀. Àwọn tó wà nínú mọ́tò kékeré ń wá hòtẹ́ẹ̀lì kiri nínú òjò yẹn, ilé tiwa wà lẹ́yìn wa. A ro àmàlà, a yọ́ gbẹ̀gìrì tá a ti dì sínú fíríìsà láti Florida, a jẹun, a tẹ́tí sí òjò.

Ó wá kan apá ilé. Hítà ẹ̀ tó ń lo gáàsì ṣe dáadáa, agbára ooru ẹ̀ jẹ́ 30,000 BTU ní wákàtí kan, tó bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi gálọ̀nù gáàsì kan á lọ ní nǹkan bíi wákàtí 3, ṣùgbọ́n ó máa ń tàn ó máa ń kú ni, kì í jẹ tó yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé fáànù hítà yẹn ń mu iná bátìrì ní gbogbo òru. Bátìrì olómi àtijọ́ kì í lágbára nínú òtútù, ẹlòmíì gáàsì ẹ̀ kún fọ́fọ́ àmọ́ bátìrì kú láàárín òru, hítà náà kú. A ti pààrọ̀ tiwa sí bátìrì lithium, abẹ́ àga ìjẹun nínú ilé la gbé e sí, kì í ṣe ìta, torí lithium ò ṣeé ṣáàjì tó bá ti tutù ju 32 Fahrenheit lọ. Owó gidi ni o, mi ò kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀.

Ibi tí mo ti bínú sí àwọn tó kọ́ ilé náà nìyí. Wọ́n lẹ sítíkà “four season” mọ́ ara ẹ̀, ìyẹn pé ó ṣeé lò nígbà òtútù àti nígbà ooru. Táǹkì omi mímọ́ wà nínú, ó gbóná, kò sí wàhálà. Táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ àti ti omi ìdọ̀tí, wọ́n fi páàdì oníná sídìí wọn, ìyẹn náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n páìpù àti ẹnu ibi tá a ti ń da omi ìdọ̀tí nù, gbangba ló wà nísàlẹ̀, kò sí nǹkan kan tó bò ó, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i látàárọ̀. Ó dì pa. Fún ọkọ̀ tí owó ẹ̀ tó báyìí, kí wọ́n fi páìpù tí kò gùn ju apá lọ sílẹ̀ láìbò kò dáa rárá, ìnáwó tó kéré jù nínú gbogbo ilé náà nìyẹn. Oògùn aláwọ̀ píńkì tí wọ́n ń dà sómi RV kó má dì la dà sínú síńkì, mo sì fi okùn oníná wé páìpù yẹn lẹ́yìn ìgbà náà. Kí ẹ tó ra, ẹ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ má gba sítíkà gbọ́.

Iwájú níbi tí dírẹ́bà ń jókòó náà ń tutù bíi fíríìjì lálẹ́, gíláàsì ló pọ̀ níbẹ̀. Kọ́tìnì tó nípọn gan-an la fi dí i kúrò lára ilé, ìyàtọ̀ ẹ̀ ò kéré. Ẹ tún ṣí fèrèsé orí òrùlé díẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń sè nǹkan, torí èéfín oúnjẹ àti mímí èèyàn méjì tó láti sọ gbogbo ara ògiri di omi. Jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará, ẹ má fi sítóòfù yá iná o. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ tẹ bọ́tìnnì áláàmù ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn, tí yìnyín bá sì rọ̀ mọ́jú, ẹ kó o kúrò níbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà jáde kẹ́ ẹ tó tàn án.

Ìgbà tá a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kentucky lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti da iyọ̀, oòrùn ti yọ díẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì tow/haul, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló di ọkọ̀ mú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì ò gbóná. Tí ilẹ̀ bá dì gan-an ẹ má lò ó, torí táyà ẹ̀yìn lè yọ̀. Kúrúùsì náà, ìyẹn ohun tó ń di eré ọkọ̀ mú lójú kan, ẹ pa á tí ilẹ̀ bá ti tutù.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ju yìnyín lọ ni atẹ́gùn Ohio. Láti ìsàlẹ̀ Findlay títí dé Toledo, ilẹ̀ tẹ́jú lọ, oko lápá ọ̀tún, oko lápá òsì, kò sí igi tó máa gba atẹ́gùn dúró. Ọkọ̀ gíga báyìí, tí ìdí ẹ̀ gùn kọjá táyà ẹ̀yìn, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ á máa tì í, tí tírélà bá tún kọjá, á máa tì ọ́, á tún máa fà ọ́ mọ́ra. A ti ní kí mẹkáníìkì fi irin tó nípọn sí i sẹ́yìn kó má máa fì, pẹ̀lú ohun tó ń di sítíárì mú, ó sì dín apá tó ń ro mí kù gidi. Síbẹ̀ 55 ni mò ń sá níbẹ̀, tí wọ́n bá sì ti ní atẹ́gùn máa kọjá máìlì 40 ní wákàtí kan, mi ò ní kúrò níbi tí mo wà, ẹnikẹ́ni lè máa retí mi nílé.

Bá a ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ ká rìn: weather.gov fún ojú ọjọ́, àtàwọn ìkànnì tó ń sọ bí ojú títì ṣe rí, SmartWay ti Tennessee, GoKY ti Kentucky, OHGO ti Ohio tó ń fi kámẹ́rà ojú títì hàn ẹ́ kó o fojú ara ẹ rí i. Mo tún ní rédíò NOAA kékeré kan, tó ń gba ìkéde ojú ọjọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, 162 MHz ló wà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń lọ láàárín òkè. Ìyàwó mi ló ń ka gbogbo ẹ̀ fún mi, èmi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fóònù.

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà yẹn, ìwakùsà iyọ̀ ńlá kan tiẹ̀ wà lábẹ́ ìlú Detroit níbí, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,200. Ó ń gba ẹ̀mí èèyàn là, ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. A máa ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ tírélà kó tó wọlé, kí wọ́n fi omi gbígbóná wẹ abẹ́ ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ṣì kù, torí ìparí March ní Michigan, ilẹ̀ ṣì máa ń dì lálẹ́. Nǹkan míì tí mo fẹ́ràn nínú ọkọ̀ yìí nìyẹn, ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo omi ẹ̀ ń gbà jáde, sùwíìṣì tó ń yọ táǹkì omi gbígbóná kúrò nínú ètò náà sì wà níbi tí ọwọ́ tó, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A da omi nù, a fi pọ́ǹpù fa oògùn píńkì yẹn wọ gbogbo ẹ̀rọ omi títí tó fi jáde ní síńkì, ní ibi ìwẹ̀, ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ká tó ru ẹrù wọlé.