Àgbéyẹ̀wò PTIN: nọ́ńbà tí ẹni tó ń gbowó bá èèyàn ṣe owó orí ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní

Ẹni tó bá ń gbowó bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ṣe é láìní PTIN. Lẹ́tà P ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́jọ á wá tẹ̀ lé e. Láti 2011 ló ti di dandan. Oníkálùkù ló ń gba tirẹ̀, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́. Ọ́fíìsì kò lè gba ẹyọ kan kí gbogbo ará ibẹ̀ máa lò ó. Ẹni tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ni kò kàn.

Orí ìkànnì IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, lẹ ti máa gba PTIN. Wọ́n ní ìṣẹ́jú 15 ni, mo sì gbà fún wọn, bí 1040 (fọ́ọ̀mù owó orí tiyín fúnra yín) tí ẹ ṣe kẹ́yìn bá ti wà níwájú yín kí ẹ tó jókòó. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni wọ́n máa fi dá yín mọ̀.

Orúkọ ló ń dá àwa Yorùbá dúró jù. Bó bá jẹ́ Ogunleye nìkan ló wà lórí 1040, tí ẹ wá kọ Adebayo-Ogunleye torí pé bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé ìrìnnà, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Obìnrin tí gbogbo èèyàn ti ń fi orúkọ ọkọ pè, ṣùgbọ́n tí káàdì Social Security rẹ̀ ṣì jẹ́ ti orúkọ bàbá rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ tún káàdì ṣe. Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ. Àdírẹ́sì náà ńkọ́? Èyí tó wà lórí 1040 ni wọ́n ń bi yín, bí ẹ tilẹ̀ ti kó kúrò níbẹ̀. Bí 1040 tuntun kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 8 tí ẹ fi í ránṣẹ́, ti ọdún tó ṣáájú ni kí ẹ lò.

Wọ́n á tún bèèrè bóyá ilé ẹjọ́ ti dá yín lẹ́bi ọ̀ràn ńlá láàárín ọdún 10, àti bóyá owó orí tiyín fúnra yín gún. Ẹ sọ òótọ́, kí ẹ sì ṣàlàyé.

Owó PTIN: dọ́là 18.75 ni ti 2026, 19.75 ni ti 2025. Wọn kì í dá a padà. Fọ́ọ̀mù W-12 wà fún ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ṣe é, àmọ́ ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6, èmi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ní December 31 lọdọọdún ni PTIN ń kú, àárín October ni wọ́n sì ń ṣílẹ̀kùn àtúnṣe. Nọ́ńbà àtijọ́ ni kí ẹ sọ dọ̀tun. Ẹ má ṣe forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tuntun.

Ohun tó ń dùn mí nínú ètò yìí ni pé kò dán ìmọ̀ ẹnikẹ́ni wò. Ilé ẹjọ́ kò gbà kí IRS fi dandan ṣèdánwò, ìdájọ́ kòtẹ́milọ́rùn 2014 ló fi èdìdì dì í. Síbẹ̀ àwọn kan ń gbé PTIN kọ́ sára ògiri bí ìwé ẹ̀rí ọ̀jọ̀gbọ́n. Èyí tó tún burú ni àwọn tó ń gbowó, tí wọn kò buwọ́ lùwé, tí wọn kò sì kọ PTIN síbẹ̀. Oníbàárà nìkan ni IRS á rí mú.

EFIN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yàtọ̀ o, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ wọ́n lè gba ìtẹ̀ka yín. Ẹni tó wà ní California ṣì máa kàwé fún wákàtí 60, á sì ra ìwé ìdúró (bond) tó ń dáàbò bo oníbàárà títí dé dọ́là 5,000 kó tó lè gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bí kì í bá ṣe agbẹjọ́rò, CPA (oníṣirò owó tó níwèé àṣẹ) tàbí EA (ẹni tí IRS fún láṣẹ láti ṣojú olówó orí). Maryland, New York àti Oregon náà ní òfin tiwọn.