Àgbéyẹ̀wò ètò file, tí kì í fi orúkọ fáìlì ṣe ẹ̀rí

Ètò kékeré kan wà lórí Linux àti macOS, àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ file. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: bí a bá fún un ní fáìlì, yóò sọ irú èyí tí ó jẹ́ fún wa. Láti ọdún 1973 ni irú rẹ̀ ti wà lórí Unix, ètò àtijọ́ kan tó ń darí kọ̀ǹpútà.

Ìdí tí mo fi gbóríyìn fún un ni pé inú fáìlì ló ń wò. Bí ẹnì kan bá yí orúkọ àwòrán PNG padà, tí ó fi .txt parí rẹ̀, Windows yóò ṣí i bí ọ̀rọ̀ lásán, àmì rúdurùdu tí kò ṣeé kà ni yóò sì kún ojú kọ̀ǹpútà. Ètò file, ní tirẹ̀, yóò rí báìtì 8 tí gbogbo PNG fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí lẹ́tà P, N àti G wà nínú rẹ̀, yóò sì dáhùn pé àwòrán ni, títí kan bí ó ṣe fẹ̀ àti bí ó ṣe ga tó.

Ó ní àbùkù tirẹ̀. ZIP, irú fáìlì tó ń kó àwọn fáìlì mìíràn pọ̀ sínú ẹyọ kan, ni ìpìlẹ̀ docx (ìwé Word), apk (ètò fóònù Android) àti epub (ìwé kíkà orí ẹ̀rọ), lẹ́tà PK ni gbogbo wọn sì fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó ní láti wò kọjá ìbẹ̀rẹ̀ kí ó tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ lásán, tí kò ní àmì kankan, àbá ni ó máa ń dá.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, fáírọ́ọ̀sì ILOVEYOU gba inú ímeèlì tàn kálẹ̀ pẹ̀lú fáìlì LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Windows fi .vbs pamọ́, .TXT nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn rí, wọ́n sì ṣí i. Ọ̀rọ̀ lásán ni inú fáìlì yẹn, nítorí náà wíwo inú nìkan kì bá tí tó. Ìparí orúkọ, .vbs, ló sọ ọ́ di àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń mú ṣẹ. Síbẹ̀, Windows ṣì ń fi ìparí orúkọ pamọ́ àyàfi tí a bá fúnra wa yí i padà, èyí kò sì dára rárá.

Ohun tó yẹ ni kí ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ka inú fáìlì bí file ṣe ń ṣe, kí ó fi orúkọ hàn pátápátá, kí ó sì kìlọ̀ fún wa kí ó tó ṣí fáìlì tí orúkọ àti inú rẹ̀ bá takora.